Ọ̀bẹ alákọ̀ kékeré: ti alágbẹ̀dẹ Gwagwalada àti Mora ti Sweden, èwo ló yẹ yín?

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ọ̀bẹ márùn-ún la tò sórí páànù lẹ́yìn ilé wa ní Kubwa, l'Abuja. Ọ̀kan ni ọ̀bẹ gígùn tí a fi dúńbú àgbò, ìyẹn sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mẹ́rin tó kù ni a fẹ́ fi bó awọ, kí a sì fi kun ẹran. Ọ̀bẹ ìdáná tí ìyàwó mi rà ní ọjà Wuse ló kọ́kọ́ já wa kulẹ̀: bó ṣe kan oríkèé ẹsẹ̀ àgbò ló tẹ̀ bíi ṣíbí. Ọ̀bẹ kíká tí àbúrò mi fà yọ lápò pa dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó fi jẹ́ pé èékánná nìkan ló gé. Ó wá ku méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀bẹ alákọ̀ kékeré tí alágbẹ̀dẹ kan rọ fún mi ní Gwagwalada láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ àjàgbé. Ìkejì ni Mora Companion tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn méjèèjì yìí la fi bó àgbò náà títí tó fi kù ìrù. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará àdúgbò ti ń bi mí pé èwo ni kí àwọn wá.

Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti ń lo àwọn méjèèjì, nínú ilé, nínú ọkọ̀, àti lóko mi tó wà lọ́nà Kuje. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn nínú ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo rí lára wọn síwájú yín.

Irú ọ̀bẹ tí mò ń sọ

Kì í ṣe àdá, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ gígùn tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì. Ara irin rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, láàrin sẹ̀ntímítà 8 sí 10. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2.5 sí 4. Kì í ká, inú àkọ̀ ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tó ń yọjú láti àárọ̀ di alẹ́: ṣíṣí àpò ìrẹsì, gígé okùn tí wọ́n fi di ẹrù sórí ọkọ̀, bíbó ọsàn, gbígbẹ́ ẹnu igi tí tòmátì máa fara tì, gígé rọ́bà tí a fi ń bomi rin ewébẹ̀, fífá igi gbígbẹ sí wẹ́wẹ́ kí iná lè tètè ràn.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí n kò fi ra ọ̀bẹ kíká kí n sì ti í sápò. Ìdí rẹ̀ wà nínú ojú ọjọ́ wa níbí. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ń wọ ibi gbogbo ní Abuja, oríkèé ọ̀bẹ kíká sì wà lára ibi tó ń wọ̀. Ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ń wọ ibẹ̀, kò sì rọrùn láti fọ̀ ọ́ tán. Àwọn tó dáa wà nínú wọn o. Opinel, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1890, ní òrùka lọ́rùn láti 1955, èyí tí a ń yí kí ọ̀bẹ má bàa pa dé mọ́ ìka. Ṣùgbọ́n igi ni èèkù rẹ̀, bí òjò bá sì ti ń rọ̀ léraléra, igi náà á wú, ọ̀bẹ á há sínú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá ṣíṣí àpòòwé nínú ọ́fíìsì lè ra kíká. Ẹni tó máa kan ilẹ̀ oko tàbí ẹran, kó wá alákọ̀.

Irin: ohun tó jọra àti ohun tó yàtọ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í.

Níbikíbi tí àwọn mẹ̀káníìkì bá pọ̀ sí, bíi Apo, ẹ ó rí sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti ṣẹ́ tàbí tó ti rọ̀ tí wọ́n kó jọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni irin alágbẹ̀dẹ ti ń wá. Irú irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá, tí àwọn onímọ̀ irin ń pè ní 5160, ní kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú 100, pẹ̀lú krómíọ̀mù tí kò pé ìdá 1. Kábọ́ọ̀nù yìí ló ń jẹ́ kí irin le nígbà tí iná bá ti gbé e, tí a sì rì í sínú epo. Irin tó ti ń gbé ẹrù tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù kọjá kòtò ojú ọ̀nà Lokoja kì í ṣe irin yẹpẹrẹ.

Mora jẹ́ ìlú kan ní Sweden tí àwọn ará rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀bẹ tipẹ́tipẹ́. Ní 1891 ni Frost-Erik Erson dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Östnor lẹ́bàá ibẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tó di Morakniv tòní, tó ń ṣe Companion. Ara irin Companion gùn tó sẹ̀ntímítà 10.4, ó nípọn tó mìlímítà 2.5. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti sítéńlẹ́ẹ̀sì. Irin kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní Sweden ni 12C27. Ó ní kábọ́ọ̀nù ìdá 0.6 àti krómíọ̀mù ìdá 13.5. Irin tí a bá sì fẹ́ pè ní sítéńlẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ ní krómíọ̀mù tó ìdá 10.5, ó kéré tán, torí krómíọ̀mù ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo irin lójú, awọ náà ni kì í jẹ́ kó dípẹtà.

Ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Kábọ́ọ̀nù àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ní ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ kò lè mú bíi ti òyìnbó láéláé kò tíì wo inú irin náà. Ohun méjì ló yà wọ́n: krómíọ̀mù, àti ọwọ́ tó fi iná sí wọn.

Ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń ka ooru, ọ̀bẹ àkọ́kọ́ àti ẹgbẹ̀rún kan sì ń jáde bákan náà. Alágbẹ̀dẹ ní ojú àti ìrírí. Bí irin bá gbóná jù, á di ẹlẹgẹ́, á máa fọ́ lẹ́nu. Bí kò bá gbóná tó, kò ní le, á sì máa yí lẹ́nu bíi páànù. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè ran ojú lọ́wọ́: irin tó bá gbóná dé nǹkan bíi 770°C kì í fa mágínẹ́ẹ̀tì mọ́. Nígbà tí mo lọ sí Gwagwalada lẹ́ẹ̀kejì, mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ nínú sípíkà tó bàjẹ́ dání. Màlàmù, alágbẹ̀dẹ mi, rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ àwọ̀ iná láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó dán an wò. Ó fi ẹmú mú irin náà sún mọ́ ọn, kò fà. Ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, ó sì rì í sínú epo. Lẹ́yìn náà ó mú un pa dà sẹ́bàá iná jẹ́jẹ́, títí tí ara rẹ̀ tó ti fi sánpépà nù fi ní àwọ̀ pòròpórò ọkà gbígbẹ. Àwọ̀ yẹn ni ti nǹkan bíi 220°C, òun ló sì ń dín líle jù kù lára irin kó má bàa ṣẹ́. Bí ó bá kọjá ibẹ̀ tó di búlúù, tó nǹkan bíi 300°C, ojú ọ̀bẹ ti rọ̀ jù nìyẹn. Ọ̀bẹ tó ti abẹ́ ìtọ́jú yìí jáde ni mo fi bó àgbò lọ́jọ́ Iléyá.

Ní ti ìpẹtà, Mora ló borí pátápátá. Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan, mo fi ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ gé òroǹbó wẹ́wẹ́, mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, mo sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Kí n tó dé nírọ̀lẹ́, ó ti ní àmì pupa lára. Mora ti sun inú páálí ẹja mọ́jú rí, omi ni mo fi ṣàn án, ó sì ń dán. Ẹ mọ̀ pé dúdú àti pupa kì í ṣe ọ̀kan náà o: bí irin dúdú, ìyẹn èyí tí kì í ṣe sítéńlẹ́ẹ̀sì, bá ti ń gé èso àti ẹran, ara rẹ̀ á máa di eérú tó sún mọ́ dúdú, ìyẹn kò burú, ó tilẹ̀ ń dáàbò bò ó díẹ̀. Ẹ má fi sánpépà họ ọ́ kúrò. Pupa ni ọ̀tá. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ kí a tó jókòó, kí a sì fi òrí pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́. Òrí kò ṣòro rí níbí, ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà kún fún igi ẹ̀mí tí òrí ti ń wá, kò sì sí ewu nínú rẹ̀ fún ohun jíjẹ. Òróró ẹ̀pà kò dáa fún un, torí bó bá pẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ó máa ń dùn mí nígbà tí àwọn ará wa bá wo ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tìkà-tẹ̀gbin. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Abuja yìí, Bernard Fagg, awalẹ̀pìtàn kan, wú ààrò ìyọ́rin àwọn ará Nok ìgbàanì jáde nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀. Orí ilẹ̀ irin la kọ́ ilé sí.

Sísanra: iṣu ló ń tú àṣírí

Ẹ gbé ọ̀bẹ sórí iṣu tútù, kí ẹ sì tì í wọlé. Bí iṣu bá là pàà kí ojú ọ̀bẹ tó dé àárín, ọ̀bẹ náà ti nípọn jù. Àléébù tó pọ̀ jù lára ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ nìyí. Sípíríǹgì nípọn, lílù ún di fẹ́lẹ́ gba agbára àti èédú, nítorí náà alágbẹ̀dẹ tó bá ń kánjú á fi í sílẹ̀ ní mìlímítà 5 tàbí 6. Ó dáa fún gígé igi, ṣùgbọ́n kò lè bó ọsàn. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé mìlímítà 3 lẹ fẹ́ lẹ́yìn, kí ó sì máa fẹ́lẹ́ lọ títí dé ẹnu.

Mora kò ní wàhálà yẹn. Ara rẹ̀ tẹ́jú láti ẹ̀yìn wá, ó wá dà gẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ojú. Ó ń wọ iṣu bí ìgbà tí èèyàn ń gé ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi igi lù ú lẹ́yìn láti la igi ìdáná lójoojúmọ́. Ó fẹ́lẹ́, irin rẹ̀ kò sì dé ìparí èèkù. Lóko, bí iná bá kọ̀ tí mo sì ní láti la igi kékeré, ti alágbẹ̀dẹ ni mo ń mú, n kì í sì í bẹ̀rù fún un.

Pípọ́n

Bí ẹ bá ka gbogbo èyí tán tí ẹ kò sì ní òkúta ìpọ́nbẹ nílé, ẹ fi owó ọ̀bẹ ra òkúta ná. Ọ̀bẹ tó kú ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, torí agbára la ó fi máa tì í, ibi tó bá sì yọ̀ sí, ọwọ́ ló ń bá.

Àwọn tó ń gbé òkúta yíyí kiri àdúgbò, tí àwọn Hausa ń pè ní mai wasa wuƙa, ń gbìyànjú fún ọ̀bẹ ìdáná àti àdá. N kì í gbé ọ̀bẹ kékeré fún wọn mọ́. Lọ́dún kan mo gbé Mora fún ọ̀kan, òkúta rẹ̀ ń yí lọ láìsí omi, iná ń ta pàrà, nígbà tí mo fi máa wo ṣóńṣó ọ̀bẹ, ó ti di búlúù. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa búlúù. Títí di òní, ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan níwájú ọ̀bẹ yẹn kì í mú ju ọjọ́ kan lọ.

Òkúta olójú méjì ni kí ẹ wá, 400 lójú kan, 1000 tó kúnná jù ú lọ lójú kejì. Ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Deidei. Ẹ fi omi rin ín. Fún Mora, ẹ gbé ibi tó dà gẹ̀rẹ̀ yẹn lé òkúta kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì tì í lọ bí ẹni fẹ́ bẹ́ awọ òkúta. Kò sí ìwọ̀n tí ẹ ó máa fojú dá, ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti fi Mora kọ́ ìpọ́nbẹ nìyí. Ti alágbẹ̀dẹ kò ní irú gẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìbú rẹ̀ bá tó sẹ̀ntímítà méjì àbọ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí pẹ́ńsùlù kan lè gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ kò yí pa dà. Bí ẹ bá pọ́n apá kan dáadáa, ẹ ó fi ìka kan irin tín-ín-rín kan tó yí sí apá kejì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yí i pa dà. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹ fi ojú 1000 rọra pa á, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn lórí bẹ́líìtì awọ ní ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n. Bí òkúta kò bá sí nítòsí, ẹ dojú ife tánganran dé, òrùka tí kò dán ní ìdí rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ díẹ̀.

Èwo ló ń tètè mú nínú wọn? Ti alágbẹ̀dẹ. Láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún lórí òkúta, ó ti ń gé bébà. Èwo ló ń pẹ́ kó tó kú? Lọ́wọ́ mi, n kò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kí èèyàn jiyàn lé lórí. Àpò sìmẹ́ǹtì àti okùn tí wọ́n ti wọ́ nínú iyanrìn ń pa ojú àwọn méjèèjì bákan náà.

Èèkù, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń gbẹ́ ẹ, ẹ sì ní láti bi onítọ̀hún ní ìbéèrè.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: irin wọ inú èèkù dé ibo? Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà níhìn-ín, irin ṣóńṣó kan ni wọ́n mú gbóná tí wọ́n sì tì bọ inú igi. Ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá lọ́rà ni èèkù máa kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí irin dé ìdí èèkù, kí wọ́n fi pátákó méjì gbá a mú, kí wọ́n sì kan ìṣó mẹ́ta gbà á já. Ìkejì: igi náà ti gbẹ bí? Bí wọ́n bá fi igi tútù ṣe é nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó tó di oṣù kejìlá ọyẹ́ á ti fà á sún kì, irin á yọ etí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa bó yín lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyí. Mo tú u, mo fi gọ́ọ̀mù Araldite lẹ̀ ẹ́ pa dà, mo sì fi òrí pa igi náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra. Láti ìgbà yẹn, kò mì mọ́.

Èèkù Mora jẹ́ ike àti rọ́bà. Ọyẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan fún un, òjò kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ó ní ìdènà kékeré lọ́rùn tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lọ sórí ojú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ kì í sábà ní i, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbẹ́ ihò ìka kan sí ọrùn èèkù. Nígbà tí ọ̀rá àgbò bo ọwọ́ wa dé ọrùn ọwọ́ lọ́jọ́ Iléyá, Mora ni mo gbé fún àbúrò mi, ti alágbẹ̀dẹ ni mo mú fúnra mi, torí mo mọ ibi tó ti ń yọ̀. Ẹwà ni igi fi jù ú lọ. Ní ti ohun tó wúlò, ike ló borí.

Àkọ̀

Awọ ni ti alágbẹ̀dẹ. Àwọn oníṣẹ́ awọ ìhà Àríwá kò kéré, pàápàá àwọn ti Kano tí iṣẹ́ wọn wà ní ọjà Kurmi, tí wọ́n ń fi èso igi kan tí wọ́n ń pè ní bàgàrúwà ṣe awọ ewúrẹ́ dáadáa. Awọ ewúrẹ́ rẹwà, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Òwe tó ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, mo fojú ara mi rí i: láàrin oṣù mẹ́fà, ṣóńṣó ọ̀bẹ mi ti yọ níhà kan àkọ̀, ó sì gún mi ní itan nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀. Ẹ bèèrè fún awọ màlúù, kí wọ́n sì fi ọ̀já awọ kan sí àárín níbi tí ojú ọ̀bẹ ń kọjá, kí ọ̀bẹ má bàa gé okùn tí wọ́n fi rán an. Lásìkò òjò, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ má fi irin dúdú sínú àkọ̀ awọ sùn mọ́jú. Awọ ń mu omi, ó ń fi í sínú, irin ló sì ń jìyà rẹ̀.

Àkọ̀ Mora jẹ́ ike. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti wọlé ó ń dún pẹ́, ẹ ó sì mọ̀ pé ó ti dúró. Bí iyanrìn bá wọ inú rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án.

Bí a ṣe ń bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀

Ẹ má kàn dé ibẹ̀ kí ẹ máa dúnàá-dúrà. Ẹ kí i níṣẹ́, «Sannu da aiki, Mallam», kí ẹ sì jókòó. Èyí tó rọ tèmi kò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ó ní, «Yallabai, kí lẹ fẹ́ fi gé?» Nígbà tí mo ní ẹran, èso àti igi kékeré, ó gbé sípíríǹgì tó nípọn tì, ó lọ mú èyí tó fẹ́lẹ́ nínú òkìtì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ wo irin náà dáadáa kó tó fi síná, torí sípíríǹgì tó ti lò pẹ́ lè ní ẹ̀là tín-ín-rín nínú. Lẹ́yìn tí ó bá rọ ọ́ tán, kí ó tó fi èèkù sí i, ẹ fi okùn gbé e rọ̀, kí ẹ sì fi irin kékeré kàn án. Bí ó bá dún gbọnrangandan, tí ìró rẹ̀ sì pẹ́, ó dáa. Bí ó bá dún pò bíi ìkòkò tó sán, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú fáìlì dání. Ẹ fi fa ojú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan: bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le, bí ó bá ń họ irin sílẹ̀ bíi ìyẹ̀fun, kò tíì le. Ẹ fi ojú kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní gígùn bóyá ó wọ́. Ó tán.

Ní ti owó, nígbà tí mo ṣírò ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ná, owó Mora kan tó rọ ọ̀bẹ mẹ́ta lọ́dọ̀ Màlàmù, pẹ̀lú àkọ̀ wọn. N kò sì rí Mora rà ní ọjà kankan tí mo ti dé ní Abuja. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun ni mo fi rí i.

Gbígbé e kiri

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má fi í kọ́ ìbàdí wọ ọjà, wọ ọ́fíìsì ìjọba tàbí ilé ìjọsìn. Ìlú tó ní ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà báyìí, ọ̀bẹ ìbàdí máa ń dá ẹ̀rù ba èèyàn, ọlọ́pàá kò sì mọ̀ pé ọsàn lẹ fẹ́ bó. Inú àpótí irinṣẹ́ ni tèmi ń wà, pẹ̀lú okùn àti ìbọ̀wọ́ oko, nínú búùtù ọkọ̀. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kí ó wà, kí ó má sí nínú báàgì ọwọ́. Ẹ máa ti ara gé síta, ẹ má ti síta gé wọlé. Bí ó bá sì gé yín jinlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ sì lọ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ gbà á, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọgbẹ́ oko.

Èwo wá ni?

Ẹni tó bá ń gbé ọ̀bẹ sínú ilé ìdáná, tó ń gé èso àti ẹja, tí àwọn ọmọ ilé sì máa ń lò ó tí wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú omi: Mora, tàbí ọ̀bẹ sítéńlẹ́ẹ̀sì mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ má tan ara yín pé ẹ ó máa nù ún gbẹ. Àgùnbánirọ̀ tó ń lọ síbi tí kò mọ̀ rí, ohun kan náà ni mo máa fún un. Ẹni tó ń lọ wo omi Gurara tó ń já láti orí àpáta ní òpin ọ̀sẹ̀, tó ń dáná kékeré kó tó pa dà, kó mú Mora bí ó bá ní i, ṣùgbọ́n kó má fi la igi.

Ẹni tó ní oko, tó ń gé okùn, tó ń gbẹ́ igi, tó ní òkúta nílé tó sì fẹ́ràn láti pọ́n ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, kó lọ bá alágbẹ̀dẹ, kó sì san owó tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀. Èèkù tó bá ṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu tó bá fọ́, wọ́n á tún un lù. Bí èèkù Mora bá là, n kò mọ ẹni tí mo máa gbé e bá.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan péré lẹ lè rà, tí ẹ kò tíì mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ sí irin, ẹ fi sítéńlẹ́ẹ̀sì kọ́ ìpọ́nbẹ fún ọdún kan. Tí ọdún bá yí po tí ẹ ṣì ń pọ́n ọn, ẹ wá gba Gwagwalada lọ.

Èmi náà ti fi omíràn síbẹ̀ báyìí: sẹ̀ntímítà 9 ní gígùn, mìlímítà 3 lẹ́yìn, èèkù igi ẹ̀mí tó ti gbẹ fún ọdún méjì. Màlàmù ní kí n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó ní mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fún un ṣì wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewìrì.